Ọgbọ̀n Ìrọ̀lẹ́ ní Apákẹ́

Wolé-wolé mú mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì
pẹ̀lú garawa lọ́wọ́ mi, èèpo ẹ̀pà àti eérú,
létí odò kékeré tó gba ẹ̀yìn Apákẹ́ kọjá.
Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n.
Wọ́n nàka sí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ igi kajú:
"Ṣé o ò rí i ni?"
Mo rí i.
Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí i.
Mo rò pé wọ́n ń ta ilẹ̀ ni.

Ní kóòtù, adájọ́ obìnrin kan tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu
ní kí n san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
Níbo ni n óò ti rí i, èmi ẹlẹ́pà sísun, ìgò kan, ìgò méjì?
Ó ní bí kò bá sówó, kí n mú ọ̀kan nínú méjì:
kí n gbá títì Tákíé fún ọgbọ̀n ọjọ́,
ẹ̀wù pupa lọ́rùn, kí tọmọdé tàgbà máa wò mí;
tàbí ọgbọ̀n ìrọ̀lẹ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
èmi àti ọmọ mi lórí bẹ́ǹṣì kan,
ìwé kan ṣoṣo láàárín wa.

Mo ní, "Olúwa mi, ẹ fún mi ní ìgbálẹ̀."
Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ìgbálẹ̀, mo mọ orí rẹ̀, mo mọ ìdí rẹ̀.
Bí mo bá gbálẹ̀ tí kò mọ́, n óò tún un gbá.
Ṣùgbọ́n ìwé,
bí mo bá ṣì í kà lójú ọmọ tí mo bí,
ta ni yóò bá mi tún ojú mi gbé?
Adájọ́ wò mí títí, ó tún wúkọ́,
ó kọ nǹkan sílẹ̀.
Kì í ṣe ìgbálẹ̀ ló kọ.

Bẹ́ǹṣì náà kúrú, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Bàbá Mùfú tó ń lẹ táyà jókòó lápá òsì mi,
ẹni tí wọ́n mú nítorí pé ó gun alùpùpù lòdì sí ọ̀nà;
ó di pẹ́ńsùlù mú bí irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà,
mẹ́ta ló ṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan.
Àrìnpé mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fìka sábẹ́ ọ̀rọ̀:
"Ìyá mi, ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó pè é."
Ba. Bá. Bà.
Láti kékeré ni mo ti ń sọ èdè yìí,
n kò mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ mi ń dé fìlà,
tí òmíràn gẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, tí òmíràn gẹ̀ ẹ́ sósì,
tí òmíràn sì jáde lórí òfìfo.

Ìrọ̀lẹ́ kọkàndínlógún, a ń bọ̀ nílé,
mo tan iná fóònù sára igi kajú.
Ẹ. Má. Da. I-lẹ̀. Sí-bí.
Mo tún un kà, bóyá mo ṣì í.
Ilẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́,
àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà.
Nǹkan kan sì sọ sí mi lọ́kàn:
"Àrìnpé, ìwọ lo ru garawa kékeré tẹ̀lé mi lọ́jọ́ náà.
Ṣé o kà á?"
Ó fẹsẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀.
"Mo kà á, mà."
"Kí ló wá pa ọ́ lẹ́nu mọ́?"
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Ìwé gbèsè Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́."

Mo rántí. Ọdún tó kọjá, níwájú àwọn oníbàárà,
ọmọ mi ka iye tí mo jẹ jáde ketekete,
inú rẹ̀ ń dùn pé òun mọ̀ ọ́n kà.
Mo gbá a létí.
Mo ní ta ló bi í.

Ó ku ìrọ̀lẹ́ mọ́kànlá.
Ẹ̀fọn ń jẹ wá lẹ́sẹ̀, odò ń rùn,
iná fóònù ti fẹ́ kú.
Mo gbé e sókè sí pátákó náà.
Mo ní, "Bá mi kà á.
Kà á sókè."