Ìlà Kejìdínlógún

Oṣù Kejìlá ni, ní Lemvig. Òkun ń hó lẹ́yìn fèrèsé,
èmi àti ẹ̀rọ ìṣirò la jọ ń ṣàìsùn.
Ìlà kejìdínlógún nínú ìwé ìnáwó ìlú:
Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé.
Owó ilé, owó wàrà ọmọ, owó olùkọ́ èdè,
owó ògbufọ̀ lọ́dọ̀ dókítà eléyín.
Àròpọ̀ rẹ̀ wúwo. N kò ní parọ́ fún yín.

Torben apẹja na ìka sí mi nípàdé:
"Asger, ìkòkò kan ṣoṣo la ní.
Bí gbogbo ẹni tó kanlẹ̀kùn bá ń bù níbẹ̀,
kí la ó bá nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́?"
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n bá wọn pa á.
Ogójì ọdún ni bàbá rẹ̀ fi san owó orí;
ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Àmọ́ owó tó ń jáde a máa pariwo;
èyí tó ń wọlé, yíyọ́ ló ń yọ́ rìn, bí ológbò.

Mo wá Tsehainesh, ará Eritíríà, nínú ìwé.
Ọdún kìíní, ìlà kejìdínlógún. Ọdún kejì, ibẹ̀ náà ni.
Ọdún kẹta, mi ò rí i mọ́.
Mo ṣí ewé títí: ó ti bọ́ sí ìlà kẹrin,
láàárín àwọn tó ń san owó orí,
àti ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n: òṣìṣẹ́ òru, ilé àwọn arúgbó.
Habtom ọkọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.
Aginjù ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní kúrò níbẹ̀.
Ìṣirò gbọ́dọ̀ ka òun náà.

Àwa tí a ti dàgbà tán,
tí àwọn ọmọ wa kó lọ sí Kopenhágìn, tí wọn ò bí ju ẹyọ kan,
ta ni yóò bá wa ru igbá dé ilé?

Aago mẹ́ta òru, ó ń yí Ingerlise padà lórí ibùsùn
kí egbò má baà dá sí i lára.
Arúgbó náà ń pè é ní Karla, àbúrò rẹ̀ tó ti kú.
Ó ń dá a lóhùn.
Èyí kò ní ìlà.

Lánàá, Torben wọ ọ́fíìsì mi, fìlà lọ́wọ́, yìnyín léjìká.
Ó ní ṣé òótọ́ ni pé a fẹ́ dín òṣìṣẹ́ òru kù.
"Màmá mi ò gbà kí ẹlòmíràn wẹ òun."
Bàtà rẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ iye kan síbẹ̀.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.