Gbèdéke

Èmi ni mo tẹ ìwé náà.
Ọ́fíìsì kejì lápá òsì, sẹkitéríàtì Ìṣarà,
lórí taipuráítà tí lẹ́tà "g" rẹ̀
máa ń fò sókè bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Lọ́dún náà, Ọ̀gá Ṣógbàmú fiṣẹ́ sílẹ̀.
Ọdún mẹ́rin péré ló lò lórí àga,
ó kó owó ìdágbére tó tó kọ́ ilé epo,
ilé epo ọ̀hún sì dúró lọ́nà Ṣàgámù,
iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lóru sí àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn.
A pariwo. Èmi náà pariwo.
Wọ́n ní ó yá, ẹ jẹ́ kí á fi gbèdéke sí i:
ogún ọdún ni a ó máa kà fún ẹnikẹ́ni,
èyí tó bá lé, kó padà sápò ìlú.
Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín.
Mo ní, ẹ wo bí wọ́n ṣe dẹ pàkúté de erin.

Erin ti kọjá kí okùn tó délẹ̀.
Ọ̀kẹ́rẹ́ ló há.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo lò.
Lánàá, Mojọyinọlá, ọmọdébìnrin ọ́fíìsì akápò,
ka ọdún mi dé ogún, ó pa ìwé dé.
"Bàbá Awófẹ̀sọ̀, ibẹ̀ ló parí sí o."
Mo bi í pé mẹ́rìnlá yòókù ńkọ́?
Ó wo ẹ̀yìn mi,
bí ẹni pé mo gbé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún tí atẹ́gùn ṣí òrùlé yàrá fáìlì wà nínú wọn,
tí mo bọ́ agbádá ìgbéyàwó mi
bo orúkọ àwọn olùkọ́ kí òjò má baà pa wọ́n rẹ́.
Ọdún tí owó oṣù mẹ́jọ kò wọlé,
tí Rẹ̀mílẹ́kún aya mi ń rẹ gàrí lọ́sàn-án, tó ń rẹ ẹ́ lálẹ́,
tó ní kíkan rẹ̀ ni ò jẹ́ kí ebi mọ̀nà ilé wa.
Ọdún tí Kẹ́hìndé kú.
Lọ́jọ́ kejì, mo buwọ́ lùwé ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ìwé náà ṣì wà níbẹ̀.
Èwo nínú wọn ni ẹ yọ?

N kò lè sọ pé òfin náà burú.
Mo mọ bí àpò ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣe fẹ́lẹ́ tó,
èmi ni mo ń tẹ ìṣirò rẹ̀ lóṣooṣù.
Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí níbi tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi sí.
Ẹni tó bá ní kí wọ́n tú àpò náà fún mi,
kó kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì di tọ́ọ̀ṣì náà mú.
Ṣùgbọ́n ilé epo ṣì ń tàn.

Wọ́n gbé ẹ̀dà ìwé náà fún mi kí n buwọ́ lù ú.
Mo dá a mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.
Nínú "gbèdéke", lẹ́tà "g" ti fò sókè,
ó gba orí ìlà kọjá,
òun nìkan.