Òpópónà Ààlà

Létí ìlú Mẹ́síkò, òpópónà kan wà
tí ọ̀dà funfun pín ìjọba ibẹ̀ sí méjì:
ọwọ́ ọ̀tún, abẹ́ ìlú; ọwọ́ òsì, abẹ́ ìpínlẹ̀.
Àárín gan-an ni páìpù ti bẹ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí omi ń ṣàn.
Wọ́n ní omi téèyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá ẹni.
Ẹ wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà Crescencia:
ó ń kọjá, ó ń dún, ó ń gbé ewé àti ọ̀rá lọ,
ẹ̀rọ omi inú ilé rẹ̀ sì ń wúkọ́ afẹ́fẹ́.

Èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.
Ọ̀gá ìlú tẹ́ máàpù tirẹ̀: páìpù dé ààlà, ó parí.
Ọ̀gá ìpínlẹ̀ tẹ́ tirẹ̀: láti ààlà ni páìpù ti bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀gá àjọ odò, tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá,
ní kànga àti adágún nìkan lòun mọ̀;
tómi bá ti wọnú irin, kì í ṣọmọ òun mọ́.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fàlà sí i nídìí.
Ewúrẹ́ àjọni,
kò sẹ́ni tó já koríko fún un.

Wọ́n mu omi inú ike. Wọ́n fẹ́ sún un di Ọjọ́bọ̀.

Ìgbà náà ni Nazario wọlé,
arúgbó tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣí omi, tó fi ń tì í.
Kò jókòó. Ó to máàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra,
ó gbé wọn lé gíláàsì fèrèsé kí oòrùn là wọ́n já.
Àwọn ìlà ò pàdé.
Àlàfo kan wà láàárín, kò ju èékánná lọ,
tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ibẹ̀ ni mò ń gbé," ni mo wí.
Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.
N ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìlú yóò gbẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ yóò mú irin wá,
àjọ odò yóò ti omi lókè fún wákàtí mẹ́fà.
Wọ́n ṣì jiyàn lórí ta ni yóò ra sìmẹ́ǹtì.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé, tàwọn ti ṣọ́bìrì.
Crescencia jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì:
ó ti gbin elégédé sínú ẹrẹ̀ náà,
ó ti yọ òdòdó mẹ́ta.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.
Èyí náà ò sí nínú máàpù yín."