Gé E Dé Orúnkún

Inú agolo mílíìkì ló ti dé,
ọ̀pá mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi bébà tútù dì nídìí,
láti Jọ́ọ̀sì, lórí ẹsẹ̀ Múníràtù, nínú bọ́ọ̀sì alẹ́.
Méjì kú kí ọ̀sẹ̀ tó pé.
Ẹ̀kẹta rò ó, ó rò ó, ó yọ ewé kan
tó funfun lábẹ́ bí ẹni bu láfún sí i.

Ẹ̀yìnkùlé wa l'Òkè-Baálẹ̀ kì í ṣe ọgbà ẹnì kan.
Kànga wà níbẹ̀, ògbólógbòó táyà, okùn aṣọ,
adìẹ Ìyá Ráfíátù tí kì í tọrọ àyè kó tó tú ilẹ̀.
Múníràtù wá ibi tí oòrùn kì í ti í kúrò,
ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò.
"Kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi," ló wí,
bí ẹni ń sọ ìwà ìyàwó tuntun.
Mo ru ìgbẹ́ ewúrẹ́ dé, ó ní kí n dá a padà:
"Bó bá yó jù, ewé nìkan ni yóò máa sanra."

Lọ́dún kejì ó tanná.
Òdòdó gígùn, ó tẹ̀ bí ìrù ológbò,
àwọ̀ aṣọ aró tí a ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún.
Ni àwọn labalábá bá dé:
dúdú adíkálà, pupa rẹ́súrẹ́sú,
wọ́n ń tú ahọ́n wọn bí ẹni tú okùn.
Múníràtù ní, "Búkà wọn nìyẹn."

Wọ́n ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ.
Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ní Rélùwéè
mo ti jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ púpọ̀,
n kò tíì rí ọ̀kan tó wo ojú ẹyẹ.

Sàlámátù ọmọ wa bímọ ní Kàdúná,
ìyá rẹ̀ lọ bá a gbé ọmọ. Oṣù mẹ́ta, ó ní.
Ọmọ ti ń rìn báyìí.
Orí fóònù ló ti ń tọ́jú igi rẹ̀:
"Ṣé ò ń já òdòdó tó gbẹ?
Bí o bá fi í sílẹ̀, igi á rò pé iṣẹ́ ti parí.
Má jẹ́ kí Bàbá Lúkúmọ́nù fín oògùn;
kòkòrò tó ń jẹ ewé ọsàn yẹn, labalábá ọ̀la ni.
Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, gé e dé orúnkún."

Lọ́dún tó kọjá n kò gé e. Àánú ṣe mí.
Ó ga, ó ga, ó lọ tanná lókè páànù
fún ẹyẹ ẹ̀gà nìkan,
ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí gbígbẹ bí ẹsẹ̀ àkọ̀.
Labalábá ń fò kọjá lókè orí mi,
wọn kò sọ̀kalẹ̀ wá kí mi.

Nítorí náà, bí ọyẹ́ ọdún yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀,
mo pọ́n àdá, mo pè é:
"Orúnkún ta ni? Tèmi àbí tìrẹ?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lẹ́yìn rẹ̀.
"Tèmi ni. Èwo nínú wa ló gbìn ín?"

Mo dúró, àdá lọ́wọ́.
Ó lé lógójì ọdún, n kò wọn orúnkún rẹ̀ rí.
Mo wá wo ẹnu kànga,
ibi tó máa ń fi orúnkún tì bó bá ń fa omi;
símẹ́ǹtì ibẹ̀ ti dán, ó ti jìn díẹ̀ bí àwo.
Mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀,
mo mú okùn náà lọ sídìí igi.
Mo gé e.

Bàbá Lúkúmọ́nù yọjú lójú fèrèsé:
"Ẹ ti pa igi ìyàwó yín."
N kò dá a lóhùn. Kùkùté mẹ́fà, ojú wọn funfun.
Òjò kò sì tètè wá.

Àárọ̀ àná, lẹ́yìn òjò kejì,
mo rí i ní oríkèé gbogbo: ewé méjì méjì,
kékeré bí etí ọmọ eku,
láfún ṣì wà lábẹ́ wọn.
Kò tíì sí òdòdó kankan.
Síbẹ̀ labalábá kan wá, adíkálà,
ó bà sórí símẹ́ǹtì dídán ẹnu kànga,
ó ń mu omi òjò tó dúró síbẹ̀.

N kò fa omi títí ó fi mu tán.