Iye Tí A Ó Pè É

Kọ́kọ́rọ́ ilé náà ń bẹ lọ́rùn mi,
okùn bàtà ni mo fi so ó.
Ilé kọfí àtijọ́ ni, lẹ́yìn ọjà Kàbà,
níbi tí bàbá mi ti fi èjìká gbé àpò
títí èjìká ọ̀tún fi rẹlẹ̀ ju tòsì lọ.
Bí òjò bá rọ̀, ògiri ṣì ń rùn kọfí.

Máíkírósíkóòpù kan, ẹni mẹ́fà.
Fìrísà kan, ẹni mẹ́fà.
Ìwé kan lórí tábìlì: kọ orúkọ rẹ, kọ aago.
Ẹni tó bá da nǹkan sílẹ̀, kó nù ún.
Ìbítóyè ń wá oúnjẹ ẹja nínú ìdin,
Jẹ́mírádé ń ṣe bébà tí í dán omi kànga wò,
Òtítọ́jù, ọmọ Ìyàrá, ń se èèpo kajú,
èèpo tí gbogbo wa ń dànù,
èyí tó ń bó ọmọdé lẹ́nu.
Ọdún mẹ́fà ni ìwé ìwádìí rẹ̀ fi sùn nínú dúrọ́ọ̀ ní yunifásítì;
eku ló kọ́kọ́ ka orí kẹta.

Lọ́jọ́ tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀,
a kó ìgò gbogbo wa sínú kúlà kan,
mo sáré ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja.
Òórùn ẹja wọnú ìwádìí.
Kò sẹ́ni tó bínú.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, káfíńtà dé láti Ẹ̀kìnrìn.
“Òkun o,” ó wí, kò jókòó.
“Ikán ti ń jẹ òrùlé ìjọ wa.
Mo gbọ́ pé ẹ ní epo tí ikán ń sá fún.
Lítà méjì. Èló ni?”

Ilé pa rọ́rọ́.
Àwa tí a ń wọn ìyẹ̀fun dé ìdá ẹgbẹ̀rún gíráàmù,
tí a mọ iye ooru tí í mú èèpo sunkún epo,
a ń wo ara wa lójú.
“Ẹ máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá,” Òtítọ́jù wí.

Ọkùnrin náà mi orí.
“Ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́,
ta ni a ó bá wí bí kò bá ṣiṣẹ́?”

Ó ka ẹgbẹ̀rún méje náírà sórí òṣùwọ̀n,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Òṣùwọ̀n ní gíráàmù méje àti díẹ̀.
A ò ní rìsíìtì. Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé orí tábìlì,
mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ aago.

Àsìkò òjò méjì ti kọjá.
Kò tíì wá bá ẹnikẹ́ni wí.