Àpò Ara Yẹ̀rì

Ní Vardø, oòrùn a máa gba ìsinmi oṣù méjì.
Kì í yọjú. Kì í ránṣẹ́.
Òkun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní èbúté,
àtàwa tí à ń já ẹja kalẹ̀ nínú òkùnkùn aago méje òwúrọ̀,
nínú sòkòtò rọ́bà tó le bí ilẹ̀kùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni sòkòtò yẹn ti ń há mi nítan.
Iyọ̀ ti jẹ mí lórúnkún,
okùn àwọ̀n ti kọ ilà sí mi látẹ́lẹwọ́.
Mi ò ráhùn. Bàbá mi náà wọ irú rẹ̀,
inú irú rẹ̀ náà ni òkun ti dá a padà fún wa.

Ṣùgbọ́n bí mo bá délé ní Sátidé,
tí mo wẹ òórùn ẹja títí, tí kò tán,
mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń fa kọ́tìnì,
mo máa ń mú yẹ̀rì aláwọ̀ ewé tí mo rà ní Kirkenes.
Mo parọ́ fún ọlọ́jà pé ìyàwó mi ló rán mi.
Ó wo ìbàdí mi. Ó ní, "Ìyàwó yín mà sígbọnlẹ̀ o."

Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ di obìnrin.
Jíjókòó ni mo fẹ́ jókòó.
Kí afẹ́fẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá
bí àlejò tí kò mú ìròyìn burúkú wá.
Kí sílíkì abẹ́ rẹ̀ máa yọ̀ lórí irun ẹsẹ̀ mi,
kó kọ́kọ́ tutù, kó tó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́,
bí omi tí ìyá fọwọ́ tọ́ wò kó tó gbé ọmọ sí i.
Ara tí mo ti fi ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù láti Ọjọ́ Ajé
á wá rántí pé ara lòun.

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Ẹni tó bọ́ ọ ńkọ́? Ta ló ń bi í léèrè?
Nínú ọkọ̀, Odd-Arne ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ títí dé itan.
Ó ní otútù ni.
A gbà fún un. Otútù kì í ṣe oríṣi kan.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo bá yẹ̀rì náà rò:
kò lápò.
Níbo lèèyàn fẹ́ fi tábà rẹ̀ sí?
Ta ló rán aṣọ fún ẹni tó rò pé kò ní nǹkan kan láti gbé?
Mo sọ ọ́ sókè lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́,
torí Gunnvor wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀
ní ìhà kejì ihò abẹ́ òkun.
Ibẹ̀ ló kúkú sọ pé òun ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo ṣí àpótí irinṣẹ́,
mo gbé ayùn kúrò, mo gbé páálí ìṣó kúrò.
Wọ́n ti lọ yẹ̀rì mi.
Etí rẹ̀ tó tú, wọ́n ti rán an padà.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún: àpò.
Àpò gidi, jíjìn, ìlọ́po méjì,
irú èyí tó máa ń rán sí aṣọ iṣẹ́ mi
kí ọ̀bẹ má baà lu ú jáde.
Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Mo fi í síbẹ̀ títí tíì mi fi tutù.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, kò wo ojú mi.
Ó bó ọ̀dùnkún kan, ó bó èkejì.
Ó ní, "Torleif, mo mà gbàgbé pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọ́.
Ṣé kí n gbé e sí òdìkejì?"

Ọ̀dùnkún gbóná lẹ́nu mi.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
ọwọ́ ọ̀tún náà á kọ́ ọ̀nà ibẹ̀.