Orúkọ Inú Ilé

Ní ọ́fíìsì àjẹṣẹ́kù àwọn apẹja, l'Ókè-Balógun, Ẹ̀pẹ́,
kọ̀m̀pútà Sídíkátù akápò àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń jà:
kálukú ní òun ló ni nọ́ńbà ogún.

Mo gbé ráútà lé itan, mo rántí ìyá mi.
Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe ọmọ ilé kan lórúkọ rí.
Eyínfúnjowó ló ń pe bàbá mi kékeré.
Kígbe orúkọ yẹn létí ọ̀sà wò:
ogún èèyàn á bojú wẹ̀yìn,
agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní Eyínfúnjowó tiẹ̀.

Mo bá pín in.
Akápò, di ogún rẹ mú.
Ìtẹ̀wé, ọgbọ̀n. Má ṣípò mọ́ o.
Fóònù àlejò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún.

Ráútà nìkan ló dúró lẹ́nu géètì,
orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́ lóde;
bí èsì bá dé, ó mọ yàrá tó ránṣẹ́.

Sídíkátù tẹ bọ́tìnì. Ìwé yọ, ó ṣì gbóná:
gbèsè àwọ̀n Múfútáù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà.
Múfútáù, tó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, wú ikọ́:
"Ọ̀gá, nọ́ńbà tèmi náà ńkọ́, ṣé kò ṣeé pààrọ̀?"